Orí Kẹfà: Búráúsà Tó Kọ̀ Tí Kò Fẹ́ Lọ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, ní Washington, Adájọ́ Thomas Penfield Jackson ń gbọ́ ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pe ilé-iṣẹ́ Microsoft. Ohun tó dá awuyewuye sílẹ̀ ni bóyá ènìyàn lè yọ búráúsà Internet Explorer kúrò nínú Windows 95 kí Windows sì tún máa ṣiṣẹ́. Microsoft ní bí wọ́n bá yọ ọ́, Windows kò ní ṣeé lò mọ́. Adájọ́ ní kí wọ́n dán an wò. Ọ̀nà ìyọkúrò tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀ ni wọ́n lò, kò sì tó ìṣẹ́jú-àáyá 90 tí iṣẹ́ fi parí. Windows ń bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Microsoft fèsì pé ojú ibẹ̀ nìkan ni wọ́n nù, pé àwọn fáìlì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Kí ojú má rí búráúsà mọ́, ọ̀tọ̀ ni. Kí búráúsà má sí nínú ẹ̀rọ mọ́, ọ̀tọ̀ ni. Àárín méjèèjì yìí ni búráúsà tí a kò fẹ́ máa ń fara pamọ́ sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbà padà wọlé. Ẹni tó bá mọ ibi tí ẹrù rẹ̀ wà ló lè kó o tán.

Ẹrù mẹ́ta

Àmì kékeré tí ẹ ń tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe búráúsà. Atọ́ka ni, fáìlì tí kò ju kílóbáìtì díẹ̀ lọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó sọ ibi tí búráúsà gan-an wà fún Windows. Búráúsà fúnra rẹ̀ ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì. Ẹni tó fa àmì yẹn sínú Recycle Bin, atọ́ka ló jù nù. Ẹni tí wọ́n ń tọ́ka sí ṣì wà nílé.

Nígbà tí búráúsà bá wọ inú Windows, ọ̀nà mẹ́ta ló ń pín ẹrù rẹ̀ sí. Ẹrù àkọ́kọ́ ni àwọn fáìlì tó ń mú un ṣiṣẹ́. Ó lè kó wọn sínú C:\Program Files, ó sì lè kó wọn sínú fódà AppData tó wà lábẹ́ orúkọ ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì. Windows kì í jẹ́ kí a kó nǹkan sínú Program Files láìjẹ́ pé alábòójútó ẹ̀rọ fọwọ́ sí i. AppData ní tirẹ̀ jẹ́ fódà oníkálukú. Windows fi pamọ́ kúrò lójú, kò sì ní béèrè pásíwọ̀ọ̀dù lọ́wọ́ ètò tó bá fẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tí kò láṣẹ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lè fi Chrome sí i nìyẹn. Ohun kan náà ló jẹ́ kí búráúsà àìpè fẹ́ràn ibẹ̀.

Ẹrù kejì jẹ́ tiyín: àwọn ojú ìwé tí ẹ fi pamọ́, ibi tí ẹ ti dé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pásíwọ̀ọ̀dù, kúkì, àti àwọn àfikún tí ẹ so mọ́ búráúsà. Firefox ń kó tirẹ̀ sí AppData\Roaming\Mozilla\Firefox\Profiles. Chrome ń kó tirẹ̀ sí AppData\Local\Google\Chrome\User Data. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹrù yìí lè wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹrù kẹta kò tóbi rárá, òun ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Àdéhùn tí búráúsà bá Windows ṣe ni. Inú rẹ́jísírì ló wà, ìyẹn ìwé ńlá tí Windows ń kọ gbogbo ètò rẹ̀ sí: pé búráúsà yìí ni kó máa ṣí gbogbo líǹkì, pé kó jí ní kété tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Ó wà nínú Task Scheduler pẹ̀lú, níbi tí ètò kan ti lè bẹ Windows pé kó máa jí òun ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Búráúsà gidi náà ń ṣe irú àdéhùn yìí, ìdí rẹ̀ sì dára: bí àléébù ààbò bá yọjú, ó gbọ́dọ̀ lè tún ara rẹ̀ ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí olóòótọ́ ń gbà wá tún ilé ṣe náà ni ayédèrú ń gbà padà wọlé.

Ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé

Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ lọ wá búráúsà àìpè. Ohun mìíràn lèèyàn ń wá: ètò ọ̀fẹ́ tó ń sọ PDF di Word, ètò tó ń gba fídíò sílẹ̀, tàbí ojú ìwé kan tó ń pariwo pé búráúsà yín ti gbó, kí ẹ tẹ ibí láti sọ ọ́ di tuntun. Ẹ gba fáìlì náà, ẹ tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé kan ṣí. Bọ́tìnnì ńlá aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Express sí, wọ́n sì fi kún un pé òun ló dára jù. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Custom wà, ní àwọ̀ eérú tí ojú lè fò dá. Ẹni tó bá tẹ Custom ni yóò rí i pé wọ́n ti bá a máàkì àpótí mẹ́ta sílẹ̀: ẹ fi búráúsà báyìí sí i, ẹ sọ ọ́ di àkọ́kọ́, ẹ yí ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ padà. Ẹni tó tẹ Express, tó ń tẹ Next léraléra, ti buwọ́ lu gbogbo rẹ̀.

Ohun tó mú kí irú búráúsà bẹ́ẹ̀ pọ̀ ni pé kò nira láti ṣe mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, Google ṣí Chromium, ìpìlẹ̀ Chrome, sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni lè mú un, kó yí orúkọ àti àwọ̀ rẹ̀ padà, kó sì pín in. Orí rẹ̀ ni Opera, Brave, Vivaldi àti Edge òde òní dúró sí, kò sì sí ẹ̀bi nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ ààbò ṣàwárí ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní eFast Browser. Ó fi aṣọ Chrome bora, ó ń gbìyànjú láti yọ Chrome gidi kúrò kó lè jókòó sípò rẹ̀, ó sì ń gba ṣíṣí líǹkì, àwòrán àti PDF mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé àwọn kò sí lórí Chrome mọ́. Wọ́n kàn rí i pé ìpolówó ọjà ti pọ̀ jù.

Ta ló kọ iṣẹ́ ìyọkúrò?

Àkọsílẹ̀ lásán ni ojú ìwé Installed apps tí ẹ ń rí nínú Settings. Inú rẹ́jísírì ni Windows ti ń kà á, níbi tí ètò kọ̀ọ̀kan ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí nígbà tó ń wọlé, pẹ̀lú ìlà kan tó ń jẹ́ UninstallString. Bí ètò náà kì í bá ṣe èyí tí ẹ gbà láti Microsoft Store, ìlà yẹn ni gbogbo ohun tí Windows mọ̀. Bí ẹ bá tẹ Uninstall, Windows kì í fúnra rẹ̀ wá fáìlì kan kiri. Àṣẹ tó bá nínú ìlà náà ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó kọ ètò náà ló sì kọ àṣẹ náà.

Onílé tó ní kí ayálégbé kó ẹrù ara rẹ̀ jáde ni ẹni tó tẹ Uninstall. Ayálégbé gidi á kó lọ, á gbálẹ̀. Ayálégbé burúkú á gbé ẹní jáde lójú yín, á sì fi ọmọ ẹ̀yìn sílẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn.

Àwọn búráúsà olókìkí náà kì í kó tán, ṣùgbọ́n wọn kì í bò ó. Firefox máa ń fi ẹrù kejì sílẹ̀, kí ẹ lè bá nǹkan yín bí ẹ bá padà wá. Chrome máa ń bi yín bóyá kó pa àkọsílẹ̀ ìrìnkiri yín rẹ́ pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá máàkì àpótí yẹn, ó ń fi wọ́n sílẹ̀. Ayédèrú kò rí bẹ́ẹ̀. Òmíràn kì í kọ orúkọ sínú àkọsílẹ̀ rárá. Òmíràn á kó fáìlì rẹ̀ lọ, á fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ nínú Task Scheduler tí yóò tún un gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lóru. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ohun tí Superfish kọ́ wa

Ní ọdún 2014, Lenovo bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí ètò VisualDiscovery, iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Superfish, ti wà nínú wọn kí olówó tó rà wọ́n. Kì í ṣe búráúsà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn búráúsà ló ń gùn: ó ń ki ìpolówó ọjà bọ inú ojú ìwé tí ènìyàn ń kà. Kó lè wọ àwọn ojú ìwé tí wọ́n tì, ìyẹn àwọn tí àdírẹ́sì wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, ó fi ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ sáàárín àwọn ìwé-ẹ̀rí tí Windows fọkàn tán. Látìgbà náà, bó bá ní òun ni báńkì, búráúsà á gbà á gbọ́.

Kọ́kọ́rọ́ kan náà ni wọ́n fi sínú gbogbo àwọn kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tú síta ní oṣù Kejì ọdún 2015, kò pẹ́ tí onímọ̀ ààbò kan fi mọ pásíwọ̀ọ̀dù tí wọ́n fi bo kọ́kọ́rọ́ yìí. Ẹni tó bá ti ní i lọ́wọ́, tó sì wà lórí Wi-Fi kan náà pẹ̀lú yín, lè ka ohun tí ẹ ń bá báńkì yín sọ.

Àwọn ènìyàn sáré yọ VisualDiscovery. Ìpolówó dáwọ́ dúró, orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àkọsílẹ̀, ìwé-ẹ̀rí kò kúrò. Ẹni tó rò pé òun ti bọ́ ṣì wà nínú ewu kan náà. Ó di ìgbà tí Microsoft kọ́ Defender, ètò ààbò Windows, láti pa ìwé-ẹ̀rí náà rẹ́, tí Lenovo fúnra rẹ̀ sì gbé ètò ìfọ̀mọ́ kan jáde. Ẹni tó ń lo Firefox tún gbọ́dọ̀ yẹ ibẹ̀ wò lọ́tọ̀, nítorí àpótí ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ kì í ṣe ti Windows. Ní ọdún 2017, àjọ FTC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà bá Lenovo parí ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ òfin.

Bí iṣẹ́ ṣe ń tò tẹ̀ léra

Ẹ kọ́kọ́ gbé búráúsà mìíràn wọlé, kí ẹ sì sọ ọ́ di àkọ́kọ́ nínú Settings, lábẹ́ Default apps. Bí ẹ bá ní pásíwọ̀ọ̀dù tàbí ojú ìwé pàtàkì nínú èyí tó ń lọ, ẹ kó wọn jáde. Fáìlì CSV tí pásíwọ̀ọ̀dù ń bá jáde kò ní ìbòrí kankan, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i yóò kà á. Ẹ pa á rẹ́ ní kété tí ẹ bá ti kó o sí ibi tuntun. Bí búráúsà náà bá so mọ́ fóònù yín, ẹ jáde nínú àkáǹtì kí ẹ tó nu ohunkóhun, kí ohun tí ẹ pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà má baà parẹ́ lórí fóònù pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dá a dúró. Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò ṣí Task Manager. Kí ẹ tó tẹ End task, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún èkúté tẹ orúkọ búráúsà náà, kí ẹ yan Open file location. Fódà tó bá ṣí ni ilé rẹ̀ gan-an, ohunkóhun tí ì báà máa pe ara rẹ̀. Bó bá pe ara rẹ̀ ní Chrome, tí fódà kò sì ní orúkọ Google nínú, ọ̀rọ̀ ti yé yín. Ẹ kọ àdírẹ́sì fódà náà sílẹ̀, ẹ óò lò ó.

Ìgbà yìí ni Uninstall kàn. Ẹ ka gbogbo ojú ìwé tó bá gbé wá, nítorí àwọn kan máa ń pa bọ́tìnnì dà kí ọwọ́ lè ṣìnà. Ibi tó bá ti bi yín nípa àkọsílẹ̀ ìrìnkiri, ẹ máàkì rẹ̀.

Ẹ wá wá àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ń gbé: Startup apps, Services àti Task Scheduler. Ẹ má fi orúkọ dá wọn lẹ́jọ́, torí ayédèrú mọ orúkọ Google àti Microsoft pè. Ibi tí iṣẹ́ náà ń tọ́ka sí ni kí ẹ wò. Bó bá tọ́ka sí fódà tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn, ẹ pa á rẹ́.

Ìyókù ẹrù ló tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ %LocalAppData%, ẹ tẹ Enter. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún %AppData% àti %ProgramData%. Fódà tó ń jẹ́ orúkọ búráúsà náà nìkan ni kí ẹ pa rẹ́. Ní ti rẹ́jísírì, ẹ rọra. Ìlà tó ṣẹ́kù síbẹ̀ tí kò ní fáìlì tó ń tọ́ka sí mọ́ kì í sábà ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, àmọ́ ìlà tí ẹ ṣèèṣì pa rẹ́ lè dá Windows dúró. Àwọn ètò tó ń polówó pé àwọn ń fọ rẹ́jísírì mọ́, Microsoft fúnra rẹ̀ kò ti irú wọn lẹ́yìn.

Ó ku ohun tó ti bàjẹ́ lára àwọn búráúsà tó kù. Ẹ wo ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìwádìí àti àwọn àfikún. Ẹ wo àmì búráúsà kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà: nínú Properties rẹ̀, ìlà Target yẹ kó parí sí .exe tàbí àṣẹ tí ẹ mọ̀. Bí àdírẹ́sì ìkànnì kan bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ló so ó mọ́ ọn. Bí Chrome lórí kọ̀ǹpútà tara yín bá ń sọ pé àjọ kan ló ń ṣàkóso òun, ẹ kọ chrome://policy sí ibi àdírẹ́sì, ẹ óò rí òfin tí wọ́n fi dè é. Ẹ wo Proxy nínú Settings kó má baà jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni íntánẹ́ẹ̀tì yín ń gbà kọjá. Ẹ wá jẹ́ kí Microsoft Defender yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò, kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn.

Lórí Mac, ẹni tó fa búráúsà sínú Trash ti gbé ẹrù àkọ́kọ́ nìkan. Ìyókù wà nínú fódà Library ti oníkálukú, lábẹ́ Application Support, Caches, Preferences àti LaunchAgents. Ti ìkẹyìn yìí ni ilé àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Lórí Ubuntu àti àwọn ẹbí rẹ̀, bó bá jẹ́ apt ni ẹ fi gbé búráúsà náà wọlé, apt remove ń fi ètò ìṣàkóso sílẹ̀, apt purge ń kó o, ṣùgbọ́n méjèèjì kì í dé inú fódà tara yín. Ẹ fọwọ́ ara yín pa ~/.mozilla tàbí ~/.config/google-chrome rẹ́.

Èyí tí wọ́n rán mọ́ ara ẹ̀rọ

Búráúsà mìíràn wà tí ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà ló fi síbẹ̀. Lẹ́yìn ẹjọ́ ọdún 1997, Microsoft gbé Windows 98 jáde pẹ̀lú Internet Explorer nínú rẹ̀, láìfi í sínú àkọsílẹ̀ ohun tó ṣeé yọ. Ìjọba gbé ẹjọ́ tó tóbi ju ti ìṣáájú lọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998. Edward Felten, olùkọ́ ní yunifásítì Princeton, jẹ́rìí pé òun ti kọ ètò kan tó lè yọ ọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1999, Microsoft gbé fídíò kan wá sí kóòtù láti fi hàn pé ètò Felten ń ba Windows jẹ́. David Boies, agbẹjọ́rò ìjọba, tọ́ka sí àmì tó wà lójú fídíò náà tó fi hàn pé ohun tí wọ́n ní àwọn ń fi hàn kọ́ ni wọ́n ń fi hàn. Ní ọdún 2001, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn da àṣẹ tó ní kí wọ́n pín Microsoft sí méjì nù, ṣùgbọ́n ó fara mọ́ ọn pé yíyọ tí wọ́n yọ Internet Explorer kúrò nínú àkọsílẹ̀ ohun tó ṣeé yọ lòdì sí òfin.

Ní Yúróòpù, láti ọdún 2010 títí di ọdún 2014, ó di dandan kí Windows máa fi ojú ìwé kan síwájú àwọn ènìyàn kí wọ́n yan búráúsà tó wù wọ́n. Nígbà tí ojú ìwé náà pòórá lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fún ọdún kan ó lé, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 561 yúrò lé Microsoft lórí ní ọdún 2013. Òfin mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2024 ló mú kí àwọn ará ibẹ̀ lè yọ Edge, búráúsà Microsoft òde òní, bí wọ́n ṣe ń yọ ètò yòókù. Ẹni tó wà ní Èkó tàbí Kùtọnú kò ní àǹfààní yẹn.

Ìmọ̀ràn mi fún irú àwa yìí ni pé kí á fi Edge sílẹ̀ níbẹ̀, kí á má kàn lò ó. Ẹ yan búráúsà mìíràn ṣe àkọ́kọ́, ẹ yọ àmì Edge kúrò, ẹ má jẹ́ kó máa jí pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ẹ má sì fọwọ́ kan WebView2. Orúkọ rẹ̀ jọ ti ohun tí ènìyàn lè jù nù, ṣùgbọ́n àwọn ètò bíi Teams àti Outlook tuntun ń lò ó láti fi ojú ìwé hàn. Ẹni tó yọ ọ́ yóò máa bi ara rẹ̀ ohun tó ṣe Teams. Safari lórí Mac náà kò ṣeé yọ. Internet Explorer gan-an tí Microsoft dágbére fún ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2022, apá kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú Edge fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìkànnì wọn ti gbó.

Nígbà tó bá tún padà

Ẹ lo kọ̀ǹpútà náà bí ẹ ṣe ń lò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Bí búráúsà náà bá tún yọjú, ọmọ ẹ̀yìn kan ṣì kù tí ẹ kò rí, kò sì yẹ kí ẹ máa bá a ṣeré ìbojúbojú. Ẹ kó ìwé àti àwòrán yín pamọ́, kí ẹ lo Reset this PC, ní Remove everything. Ibí yìí ló yẹ kí ẹni tó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹni àná fi sínú rẹ̀.

Gbogbo èyí tí a ti ń sọ bọ̀, orí ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ni. Búráúsà a máa rí gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ sínú rẹ̀, èyí tó bá sì ti fi ránṣẹ́ sóde, kò sí Uninstall tó lè pè é padà. Nítorí náà, tí ẹ̀rọ bá ti mọ́, ẹ yí pásíwọ̀ọ̀dù ímeèlì yín padà kíákíá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè yí ti ìyókù. Ti báńkì ló tẹ̀ lé e. Ẹ lo ibi tí wọ́n ti ń lé gbogbo ẹ̀rọ jáde nínú àkáǹtì, kí kúkì tó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn má ṣiṣẹ́ mọ́. Ìgbà tí ẹ bá ṣe ìyẹn tán ni búráúsà náà tó lọ.